Bí A Ṣe Ń Mọ Òkè Kejìlélógójì ní Ìdáàṣà: Ìtọ́nà fún Òmùgọ̀ Tó Ń Bójú Tó Tíkẹ́ẹ̀tì Kọ̀ǹpútà

Òkè mọ́kànlélógójì ni wọ́n ń kà mọ́ ìlú Ìdáàṣà, ìlú tí ìwé ìjọba Benin ń pè ní Dassa-Zoumè. Àpáta gbàǹgbà gbàǹgbà ni wọ́n, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ìlú dó, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyìn pé òun ló kó wọn jọ. Òkè kejìlélógójì nìkan ló kù fún ọmọ aráyé láti fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn ni a ó fi mọ ọ́n, ìwọ òmùgọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni bíríkìlà. Jókòó. Gbé ife kọfí rẹ sórí sáfà, ibẹ̀ ni kò ti ní í tutù. Gbọ́ ẹ̀kọ́.

Jẹ́ ká sọ pé ilé iṣẹ́ rẹ wà nítòsí oríta tí ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Kútọnu ti pín sí méjì, tí ọ̀kan gba Parakou lọ, tí èkejì yà sí Savalou. Ẹ ní ẹ̀ka ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní ẹkùn Collines: Bantè, Glazoué, Ouèssè, Savalou, Ṣábẹ̀ẹ́, àti Ìdáàṣà fúnra rẹ̀. Oníṣẹ́ mẹ́ta, alùpùpù kan. Àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà kò lóǹkà. Èyí tó dùn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé wọ́n ti fi GLPI sí i fún yín.

GLPI jẹ́ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 2003. Ó wọ́pọ̀ ní ọ́fíìsì àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, nítorí pé a lè lò ó láìsan owó ìwé àṣẹ, àti nítorí pé èdè tí wọ́n ń sọ ní ọ́fíìsì ni òun náà ń sọ. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́ á kọ ẹjọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹjọ́ náà á gba nọ́ńbà, á di tíkẹ́ẹ̀tì. Lára tíkẹ́ẹ̀tì ni a ti ń yọ iṣẹ́ tí oníṣẹ́ yóò lọ ṣe: ta ni yóò lọ, níbo, lágogo mélòó, kí ni yóò mú dání. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ń tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n ń pè é ní fiche d'intervention, kí ẹni tí a bá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe lè fọwọ́ sí i. Tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ti Nouveau (tuntun) bọ́ sí En cours (ó ń lọ lọ́wọ́), ó lè sinmi díẹ̀ ní En attente (ó ń dúró), lẹ́yìn náà ó di Résolu (ó ti yanjú), ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni Clos (ó ti parí).

Ìlànà tó wà lẹ́yìn GLPI dàgbà jù ú lọ. Ilé iṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ CCTA ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n sọ ọ́ ní ITIL, ó sì di ìwé tó kún pẹpẹ. Má kà á. Bí a bá gbọn gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, ohun mẹ́ta ló ń bẹ̀bẹ̀ fún: kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín, kí a lè rí ibi tó dé, kó sì ní òpin tí ẹni tó bẹ̀ ọ́ níṣẹ́ gbà pé òpin ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wàá pa.

Ẹni tó ni iṣẹ́ ni kí o kọ́kọ́ pa. Níbi tí wọ́n kọ Attribué à sí, má ṣe fi orúkọ ènìyàn síbẹ̀ láéláé. Fi orúkọ ẹgbẹ́ síbẹ̀: Informatique. Ẹgbẹ́ kì í jí láàárọ̀, ẹgbẹ́ kì í gun alùpùpù, ojú kì í ti ẹgbẹ́. Oníṣẹ́ kìíní á rò pé èkejì ti mú un, èkejì á rò pé ẹ̀kẹta ni ọ̀gá fún, ẹ̀kẹta wà ní ìsinmi. Bí ẹnì kan bá sì fi dandan lé e pé kí o kọ orúkọ, kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, bákan náà ni yóò rí. Àpótí kan tún wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Observateur, ti àwọn tí yóò máa wòran. Kó gbogbo ilé iṣẹ́ síbẹ̀, títí kan dirẹ́kítọ̀ àti akọ̀wé rẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹnì kan bá kọ pé òun ń wò ó, ímeèlì á lọ bá gbogbo wọn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n á ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ímeèlì yìí sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í dé, àwọn tó yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà á sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

Bí olùbéèrè ṣe ń kọ ẹjọ́ rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Ènìyàn lè ṣètò ìbéèrè fún un: ẹ̀rọ wo ni, kí lo rí lójú rẹ̀, láti ìgbà wo, ṣé ìwọ nìkan ni àbí gbogbo yàrá? Pa gbogbo ìbéèrè yẹn rẹ́. Fi àpótí òfìfo kan sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ Imprimante en panne, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́, síbẹ̀ kí wọ́n sì máa lọ. Lẹ́yìn náà, má ṣe kọ àwọn ẹ̀rọ yín sílẹ̀. Nítorí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dá GLPI sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a mọ iye ẹ̀rọ tí a ní, irú tí wọ́n jẹ́, ibi tí wọ́n wà àti ẹni tó ń lò wọ́n, kí tíkẹ́ẹ̀tì lè so mọ́ ẹ̀rọ kan pàtó. Òmùgọ̀ tó mọṣẹ́ á kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì Excel kan, á wá gbàgbé ibi tó fi fáìlì náà sí.

Èrè rẹ̀ nìyí. Akápò ẹ̀ka Bantè kọ̀wé pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé òun kò ṣiṣẹ́, ọ̀la ló sì yẹ kó tẹ ìwé owó oṣù. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, oníṣẹ́ rẹ gun alùpùpù, ó gba Savalou kọjá, oòrùn pa á, eruku bò ó, ó dé Bantè.

— Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ni mo wá wò.

— Káàbọ̀, ọmọ mi, o kú ọ̀nà. Èwo nínú wọn?

— Ṣé wọ́n ju ẹyọ kan lọ ni, Ìyá?

— Mẹ́ta ni wọ́n. Yíǹkì ni kò sí nínú èyí tó wà lọ́wọ́ ẹnu ọ̀nà. Ṣé o mú un wá?

— Wáyà ni mo mú wá, Ìyá.

— Wáyà kẹ̀? Ta ló sọ̀rọ̀ wáyà fún ọ?

— Wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ ni.

— Èmi náà ò fẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, ọmọ mi. Ṣé o mú wáyà tèmi náà wá?

Ó padà sí Ìdáàṣà lálẹ́. Epo ti lọ, ọjọ́ ti lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní En cours níbi tó ti ń gbayì. Ìwé owó oṣù ńkọ́? Ìyá ti fọwọ́ kọ ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó ṣáájú. GLPI ní tábìlì kan fún un. Olùbéèrè á sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kán òun lójú tó, oníṣẹ́ á sọ bó ṣe kan ènìyàn púpọ̀ tó, tábìlì á da méjèèjì pọ̀, á sì yọ ipò tí tíkẹ́ẹ̀tì náà yóò wà. Ẹ̀ka tí kò lè san owó oṣù á ṣáájú ẹni tí orin kò dún nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ewu ni tábìlì yìí jẹ́ fún òmùgọ̀, nítorí ó ń mú kí ènìyàn ronú kó tó dìde. Fi Très haute, kíákíá jù lọ, sí gbogbo rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá ti di pàjáwìrì, ẹ ó padà sí bí ayé ṣe rí kí wọ́n tó dá tábìlì sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹni tó bá pariwo jù ló ń ṣáájú. Ipò kan ṣì wà lókè gbogbo wọn, Majeure. Máòsì dirẹ́kítọ̀ ni kí o tọ́jú ìyẹn dè.

Àmọ́ gbogbo èyí, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ En attente, níbi tí a ti ń pa ibi tí iṣẹ́ dé mọ́. Bí wọ́n bá ní kí n mú bọ́tìnnì kan ṣoṣo tí òmùgọ̀ lè fi jọba, òun ni mo máa mú. Ilé iṣẹ́ yín ti bá àwọn ẹ̀ka ṣe àdéhùn pé irú tíkẹ́ẹ̀tì báyìí kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí báyìí. Aago kan wà nínú GLPI tó ń ka wákàtí náà. Ṣùgbọ́n bí tíkẹ́ẹ̀tì bá ti bọ́ sí En attente, aago á dúró. Ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: bí oníṣẹ́ bá béèrè ọ̀rọ̀ tí olùbéèrè kò fèsì, kò yẹ kí wọ́n ka àkókò yẹn sí oníṣẹ́ lọ́rùn. Ẹnu ọ̀nà kékeré ni wọ́n ṣí fún olódodo. Ìwọ gba ibẹ̀ wọlé tẹrùtẹrù.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú, bi olùbéèrè ní ohun tí kò ní ìdáhùn: "Ṣé ó dá yín lójú pé ó bàjẹ́?" Tẹ En attente. Lọ jẹ iyán rẹ. Láti ìgbà tí ẹ̀dà kẹwàá GLPI ti jáde ní ọdún 2022, o tún lè ṣètò rẹ̀ kó máa rán olùbéèrè létí fúnra rẹ̀, bí kò bá sì fèsì lẹ́yìn ìránnilétí mélòó kan, kó ka ọ̀ràn náà sí èyí tó ti yanjú. Wọ́n ṣe é nítorí àwọn tó bẹni níṣẹ́ tí wọ́n sì gbàgbé pé àwọn bẹni. Ìwọ lò ó fún ẹni tí ìwọ fúnra rẹ gbàgbé. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé kọ̀ǹpútà tó ì bá fi ka ìránnilétí náà ló bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ ti dé góńgó.

O nílò ìdí tí wàá kọ síbẹ̀. Níbòmíràn, àwọn òmùgọ̀ ń làágùn kí wọ́n tó rí àwáwí. Ìlú tìrẹ ti pèsè sílẹ̀ fún ọ. Kọ pé òkè ló dí rẹ́sóò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ta ni yóò bá ọ jiyàn? Gbogbo ènìyàn rí òkè. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, kọ pé àrá sán. Nígbà ọyẹ́, eruku ni. Bí o bá ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán, padà sórí òkè, mú èyí tó tẹ̀ lé e. Wọn ò ní í tán kí o tó gba owó ìfẹ̀yìntì.

Òótọ́ kúkú ni pé eruku ọyẹ́ ń wọ inú kọ̀ǹpútà, òótọ́ sì ni pé àrá ń ba ẹ̀rọ jẹ́ nígbà òjò. Ìdí nìyẹn tí GLPI fi ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ń padà wá fúnra rẹ̀: o ṣètò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á máa rán ọ létí lọ́dọọdún pé kí ẹ fẹ́ eruku kúrò nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn ọyẹ́, kí ẹ yẹ bátìrì àti wáyà ilẹ̀ wò kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Má débẹ̀. Bí ẹ bá dènà ìbàjẹ́, kí lẹ ó máa kọ sí ìjábọ̀?

Bí o bá fẹ́ yí ohun ńlá padà, sáfà tuntun, tàbí ẹ̀dà tuntun sọ́fítíwíà owó oṣù, yan ọjọ́ rẹ̀ bí ẹni ń yan ọjọ́ ìgbéyàwó. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹjọ, ní àyíká àjọ̀dún Ìgbàsókè Màríà, àwọn Kátólíìkì máa ń rọ́ wá sí ihò àpáta Notre-Dame d'Arigbo ní Ìdáàṣà láti gbogbo Benin àti láti òdì kejì ààlà. Láti ọdún 1954 ni wọ́n ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún àdúrà. Òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kí o mú. Ọ̀nà á kún, ilé ìtura á kún, fóònù gbogbo àlejò á máa fa rẹ́sóò kan náà. Oníṣẹ́ rẹ kìíní á wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, èkejì á máa gbé omi fún àwọn àlejò ìyá rẹ̀, ẹ̀kẹta ṣì wà ní ìsinmi. Má sọ fún àwọn ẹ̀ka. Má kọ bí ẹ ó ṣe padà sí ti àtijọ́ bí tuntun bá kọ̀. Bó bá bàjẹ́, tíkẹ́ẹ̀tì oṣù kan gbáko dé. Bó bá yọrí sí rere, lọ sínú ihò àpáta náà kí o lọ dúpẹ́, nítorí kì í ṣe ọgbọ́n rẹ ló ṣe é.

Ọjọ́ kan wà tó yẹ kí àwọn òmùgọ̀ máa ṣe ọdún rẹ̀: ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì fà bí ìgbín tàbí kó kú pátápátá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Benin wà lára wọn, àwọn báńkì ní Nàìjíríà náà jẹ nínú rẹ̀. ACE àti SAT-3 ló gúnlẹ̀ sí Kútọnu nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi tún wọn ṣe.

Ọlọ́gbọ́n tó bá wà ní ipò rẹ lọ́jọ́ yẹn á ṣí tíkẹ́ẹ̀tì kan, á so gbogbo ẹjọ́ tó bá ń wọlé mọ́ ọn, á kọ̀wé sí gbogbo ẹ̀ka pé wáyà abẹ́ òkun ló bàjẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn ní Ìdáàṣà, kí wọ́n fi bébà ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi gbọ́. Kò ní í gbà á ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ìwọ ńkọ́? Gba ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní kí olúkúlùkù pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó tún un tàn. Rán oníṣẹ́ kan lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́ kó lọ yọ móódẹ́ẹ̀mù kó tún un kì bọ̀ ọ́. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá padà dé, kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan: Résolu après redémarrage, ó yanjú lẹ́yìn tí a pa á tí a tún un tàn. Ìwọ lo tún wáyà abẹ́ òkun Abidjan ṣe láti orí òkè, iye tíkẹ́ẹ̀tì tó wà sì ni iye ìgbà tí o tún un ṣe.

Irú ẹ̀mí yìí kan náà ni kí o mú lọ sí Savalou, níbi tí onduleur kan náà, ẹ̀rọ tó yẹ kó gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná tó ń já, ti ń pa kọ̀ǹpútà kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. ITIL ní kí a ya ìṣẹ̀lẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó ń fà á, kí a tú ìdí rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu sinmi. Bí o bá ra onduleur tuntun, tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lo yanjú. Bí o bá fi èyí tó bàjẹ́ sílẹ̀, ó lé ní àádọ́ta lọ́dún. Ta ni wọ́n á fún ní ìwé ẹ̀yẹ ní ìparí ọdún? Òmùgọ̀ mọ ìṣirò.

Ohun kékeré kan kí n tó gbàgbé. Bí o bá fẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà olùbéèrè, ní kó kọ ọ́ sínú tíkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo Observateur lè bá ọ kà á. Òfin kan wà ní Benin, Code du numérique, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018. Àjọ kan tó ń jẹ́ APDP sì wà tó ń ṣọ́ àṣírí ará ìlú. Òmùgọ̀ kì í ka òfin. Wọ́n máa ń kà á sí i létí ni.

Ó ku bí a ṣe ń pa òpin iṣẹ́. GLPI á ní kí o kọ ohun tí o ṣe kí tíkẹ́ẹ̀tì tó di Résolu. Ohun tó ń wá ni ìtàn: ohun tí ẹ rí, ohun tí ẹ dán wò tí kò ṣiṣẹ́, ohun tó ṣiṣẹ́, kí ẹni tó bá ṣalábàápàdé rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ má baà bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Kọ Fait, a ti ṣe é. Bí ara rẹ bá yá, kọ RAS, kò sí ohun tí a fẹ́ sọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún olùbéèrè láyè láti gba àbájáde náà tàbí kó kọ̀ ọ́. Bí kò bá sọ nǹkan kan láàrin iye ọjọ́ tí o yàn, á di Clos fúnra rẹ̀. Yan iye ọjọ́ tó kéré jù lọ, kí o sì máa kọ Résolu ní ọ̀sán Ẹtì. Ìbéèrè nípa ìtẹ́lọ́rùn tún wà, tí ẹ̀rọ lè fi ránṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Àwọn alábòójútó ló ń yan ìdá mélòó nínú tíkẹ́ẹ̀tì ni yóò gbà á. Òdo jẹ́ nọ́ńbà tó mọ́.

Bàbá ńlá rẹ nínú ọ̀nà yìí wà ní Amẹ́ríkà. Peregrine Systems ti San Diego ń ta irú sọ́fítíwíà yìí gan-an, èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fi ń tọ́jú ẹ̀rọ àti ẹjọ́ wọn. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ti tajà fún àwọn alágbàtà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn alágbàtà náà kò ní san kọ́bọ̀ àfi tí wọ́n bá rí ẹni tà á fún. Lórí ìwé, gbogbo rẹ̀ ti Clos. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, gbèsè bò wọ́n, wọ́n sá di ilé ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́ dá àwọn ọ̀gá wọn kan lẹ́bi. Fred Luddy tó ti jẹ́ olórí ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀, tí ọrọ̀ tirẹ̀ náà bá a rì, ló lọ dá ServiceNow sílẹ̀, tó wá di ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù nínú òwò yìí lágbàáyé. Wo bí àwọn tó ń ta ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ fún gbogbo ayé ṣe kọ irọ́ sínú ti ara wọn. Ìrètí ń bẹ fún ọ.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí fún oṣù mélòó kan, tíkẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́ mọ́. Àwọn ènìyàn ti rí ọ̀nà àbùjá. Wọ́n ń rán ohùn lórí WhatsApp sí oníṣẹ́ tí wọ́n mọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ṣé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà? Ẹ dákun, ẹ bá mi wo ẹ̀rọ yìí." Ẹ̀gbọ́n á gbọ́, á dìde, á lọ tún un ṣe. Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kàwé pé ìwà àtijọ́ ló ń da àwọn ènìyàn wa láàmú, pé wọn kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkíni inú ohùn yẹn ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn kan tó ní orúkọ, èsì sì ń padà wá. Tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ sọ́dọ̀ Informatique kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó sá fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí kì í fèsì ni wọ́n ń sá fún.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ Ẹ̀gbọ́n ńkọ́? Ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ ní Ouèssè, tí kò bá oníṣẹ́ kankan tan, tí kò ní nọ́ńbà fóònù wọn, ẹ̀rọ tirẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ títí. Nítorí irú rẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì ṣe wà, kí ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè dúró lórí ìlà kan náà pẹ̀lú ẹni tó bá dirẹ́kítọ̀ tan. Kò sí ohun mìíràn tí GLPI fi sàn ju WhatsApp lọ. Bí ẹ bá yọ ìyẹn kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi iná mànàmáná ṣòfò.

Ìwọ má jẹ́ kí ìyẹn dí ọ lọ́wọ́. Ní ìparí oṣù, kó gbogbo iṣẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ṣe lórí WhatsApp jọ, ṣí tíkẹ́ẹ̀tì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì pa á dé ní ìṣẹ́jú kan náà. Láti ẹjọ́ dé àtúnṣe, ìṣẹ́jú kan péré. Kò sí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní London tó yára tó bẹ́ẹ̀. Àwòrán aláwọ̀ ewé ni ìjábọ̀ rẹ yóò jẹ́. Àwọn ará ìdí iṣẹ́ yìí lókè òkun ní orúkọ fún irú rẹ̀, bàrà ni wọ́n ń pè é, nítorí èèpo rẹ̀ ló jẹ́ aláwọ̀ ewé, pupa ni inú. Fi aṣọ tó dára wọlé tọ dirẹ́kítọ̀ lọ.

— Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Ìjábọ̀ oṣù yìí rèé. Kò sí èyí tó kọjá àkókò àdéhùn.

— O ṣeun, o kú iṣẹ́. Kí ló wá dé tí ìwé owó oṣù Bantè fi jẹ́ ọwọ́ kíkọ?

— Òkè ni, Ọ̀gá.

Dirẹ́kítọ̀ á wo ojú fèrèsé, á rí òkè, á mi orí, á sì fọwọ́ sí i.

Bí ìwé yìí bá ṣèèṣì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀rọ̀ tí mo ní fún un kò pọ̀. Jọ̀wọ́, ṣí GLPI rẹ láàárọ̀ ọ̀la kí o tó ka ímeèlì. To àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó wà ní En attente bí wọ́n ṣe pẹ́ sí, mú èyí tó pẹ́ jù, kọ orúkọ ènìyàn kan ṣoṣo sí i. Lẹ́yìn náà, gbé fóònù, pe ẹni tó kọ ẹjọ́ náà, kí i dáadáa, kí o sì bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.